Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọkọ̀ Apẹja Àlòkù Wò Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́

Ní Ẹ̀pẹ́, ní Àgbádárìgì, ní Ìgbókòdá àti ní àwọn ìletò Ìlàjẹ tó kọjú sí òkun, ọkọ̀ ni oko apẹja, ẹ́ńjìnnì sì ni ọkọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lè má ju àwọ̀n rí. Síbẹ̀, ẹ̀yin ni bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ń pè láti ilé nígbà tí ọkọ̀ onípákó bá ti gbó, tí wọ́n sì ti rí ọkọ̀ fáíbà àlòkù kan tí wọ́n fẹ́ rà. Owó àjọ, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí owó oṣù tí ẹ ti ń tọ́jú ni yóò bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí ọkọ̀ náà bá ní àrùn tí ẹnikẹ́ni kò rí, gbèsè nìkan kọ́ ni yóò dá sílẹ̀. Ẹ̀mí àwọn tó wọ̀ ọ́ náà wà nínú ewu.

Ọ̀dà tuntun kì í tún ọkọ̀ ṣe, ẹnu dídùn kì í sì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ òní kò ju ẹyọ kan lọ: omi ni adájọ́ ọkọ̀. Ẹ má ṣe san owó ọkọ̀ tí ẹ rí lórí ilẹ̀ nìkan.

Ẹ fi etí wo ara ọkọ̀

Fáíbà kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe pákó. Okùn gíláàsì tín-ín-rín ni, tí wọ́n tẹ́ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n fi rẹ́sìn lẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tó fi awọ dídán bo òde rẹ̀. Kì í dípẹtà, ikán kì í sì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìpele wọ̀nyí lè ṣí kúrò lára ara wọn láìjẹ́ pé ojú rí i. Nítorí náà ni a ṣe ń fi etí wò ó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi èkù ọ̀bẹ kàn án díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá jù lọ lábẹ́. Níbi tó bá dá ṣáṣá, ìró rẹ̀ yóò dún kọ́ kọ́ kọ́. Níbi tí ìpele bá ti ṣí tàbí tí omi ti wọ inú rẹ̀, ìró náà yóò rẹlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń lu páálí tútù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí irú ibẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ó ti fẹ̀ tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìléròrò kéékèèké lábẹ́ ọkọ̀. Bí onílé bá gbà yín láyè láti fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kan, tí omi inú rẹ̀ sì ń rùn bí ọtí kíkan, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ rẹ́sìn náà. Díẹ̀ kò pa ọkọ̀. Wọ́n lè ha á, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n sì tún un bò. Bí ó bá kún gbogbo abẹ́ ọkọ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n fẹ́ ta ọkọ̀ náà.

Ìlà sísán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn sábà máa ń jẹ́ ti awọ òde nìkan. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ìlà gígùn tó tọ ojú ibi tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pàdé, tàbí tó wà lára àwọn egungun tó gbé ilẹ̀ inú ọkọ̀ dúró.

Ìdí ọkọ̀ ni àrùn ń fara pa mọ́ sí

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, pákó wà nínú ògiri ẹ̀yìn tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí omi bá gba ojú ihò bóòtù wọlé, pákó náà yóò máa jẹrà nígbà tí òde rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 tó bí 70 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wo irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí pákó jíjẹrà láàárín ìgbì òkun.

Ẹ di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, kí ẹ tì í sókè, kí ẹ tún tì í sísàlẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo ògiri ẹ̀yìn náà. Bí ó bá ń mì tàbí tí ó ń tẹ̀, tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ sì ń sun jáde lẹ́bàá bóòtù, pákó inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù

Kí ẹ tó lọ, ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á pé: “Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì títí a ó fi dé.” Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bí ó bá gbóná, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi agídí tàn án kí ẹ tó dé, kí ẹ má baà mọ̀ pé kì í tètè gbé.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín tú púlọ́ọ̀gì, kí ó sì wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Iye wọn yẹ kó súnmọ́ra. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ́ńjìnnì náà ti ń jẹ inú ara rẹ̀. Kí ó tún jò díẹ̀ nínú ọ́ìlì gíà. Bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú gíà. Lára ọkọ̀ apẹja, okùn ìwọ̀ tàbí ti àwọ̀n tó wé mọ́ ìdí pùròpẹ́là ló sábà máa ń gé rọ́bà tó yẹ kó dí omi náà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbé, omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde gbọọrọ láti ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi yẹn ló ń tù ú lójú. Bí kò bá tú jáde, ẹ ní kí wọ́n pa á kíákíá. Iyọ̀, iyanrìn tàbí ewéko ojú omi lè ti dí ọ̀nà rẹ̀, tàbí kí rọ́bà tó ń fa omi ti gbó.

Ẹ gbé e lọ sójú omi, tẹrùtẹrù

Ọkọ̀ òfìfo a máa sáré. Ẹ fi àpò iyanrìn, epo àti ènìyàn kún un títí yóò fi wúwo bí ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ wo bí ó ti jókòó sínú omi: èyí tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó rì ju bí ẹrù rẹ̀ ti tó lọ, lè ti mu omi sínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ ṣí iná ẹ́ńjìnnì tán. Ìwé ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì yóò sọ ìyípo tó yẹ kó ṣe ní ìṣẹ́jú kan; ti ọ̀pọ̀ wà láàárín 4,500 sí 6,000. Bí kò bá dé ibẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀, tàbí ara ọkọ̀ ti mu omi, tàbí pùròpẹ́là ti tóbi jù. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, pùròpẹ́là ti kéré jù tàbí ó ń yọ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé pé pùròpẹ́là ṣeé pààrọ̀, ó sì rọrùn ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Fóònù yín lè wọn ìyára, ṣùgbọ́n ọ̀sà kì í dúró lójú kan. Ẹ sá a ní lílọ, kí ẹ sì sá a ní bíbọ̀ ní ojú ọ̀nà kan náà. Bí ó bá ṣe kìlómítà 30 ní wákàtí kan ní lílọ, tí ó sì ṣe 24 ní bíbọ̀, 27 ni ìyára rẹ̀. Ìyókù jẹ́ ti omi tó ń ṣàn. Ẹ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tó wo abẹ́ ilẹ̀ inú ọkọ̀ bóyá omi ti wọlé.

Ìwé, owó àti ìtìjú

Àwọn olè ojú omi a máa gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ apẹja. Nítorí náà, ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ra ohun olè ti ra ẹjọ́.

Ó lè jẹ́ àgbàlagbà ni ẹni tó ń tà á, kí ojú sì máa tì yín láti yẹ ọjà rẹ̀ wò fínnífínní. Ẹ mú apẹja àgbà kan dání, kí ó máa bá yín bi í ní ìbéèrè. Ẹ kọ gbogbo àbùkù sílẹ̀, ẹ béèrè iye àtúnṣe wọn lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú owó. Bí kò bá gbà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Kí ẹ sì fi owó ẹ̀wù amúniléfòó kún ìṣirò yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.