Sinimá inú ilé ní Galadimawa: etí ni yóò jẹ èrè rẹ̀ ju ojú lọ

Kí ẹnikẹ́ni wọ pálọ̀ ilé tuntun ní Galadimawa, l'Abuja, kí wọ́n tó kó àga síbẹ̀, kó sì pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró náà kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ lu táìsì ilẹ̀, yóò ta sí ògiri tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ dán, yóò kan àjà POP lókè àti gíláàsì fèrèsé, yóò sì padà wá bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ púpọ̀ nínú ilé inú ẹ́sítéètì lágbègbè náà títí dé Lokogoma: gbogbo nǹkan le, gbogbo rẹ̀ sì ń dán. Ó dùn ún wò, ó rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kì í já gaara nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àwọn tó ń ṣètò sinimá sínú ilé, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní hómù tíátà, kì í ti orísun bẹ̀rẹ̀. Bí tẹlifíṣàn ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Èrè tó tóbi jù níbẹ̀, pàápàá fún ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, etí ló ni ín, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ń pè.

Ohùn ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló ń sọ èyí tí í ṣe baálé, èyí tí a fi ń ro oko, èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Wuse àti èyí tí jagunjagun ń jù. Níbi tí ìró kì í ti í tètè kú, ìrù sílébù àkọ́kọ́ ṣì ń fà nígbà tí ìkejì bá dé, ọ̀kan á wá gorí èkejì. Etí tó ti gbó nínú èdè lè méfò kó sì gbà á. Ti ọmọdé, tàbí ti bàbá àgbà tí ìgbọ́ràn rẹ̀ ti ń dín kù, kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ ayé òde òní tún dá kún un, nítorí sípíkà tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ sábà máa ń kọjú sílẹ̀ tàbí sẹ́yìn, tí ohùn á kọ́kọ́ lọ bá ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wòran. Ètò tí wọ́n ń pè ní 5.1 pín ohùn fíìmù sí ọ̀nà mẹ́fà, sípíkà àárín ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré. Nínú fíìmù tó kún fún ìlù àti ogun bíi Jagun Jagun tó jáde ní 2023, ìpín yìí ni kì í jẹ́ kí ariwo ogun bo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, sípíkà olówó gọbọi kò lè wo yàrá tó ń ṣàìsàn sàn. Wallace Clement Sabine, olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, ló fi èyí hàn láti 1895. Wọ́n ní kó tún gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ń dún fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àbọ̀ kó tó kú. Ó ń kó tìmùtìmù àga láti tíátà ilé ẹ̀kọ́ náà wá lóru, ó ń fi fèrè ọ̀gáànù dún ohùn, ó sì ń ka àkókò. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ ni ìró ń tètè kú, títí ó fi rí òfin tó so iye àkókò tí ìró fi ń dún mọ́ bí yàrá ṣe tóbi àti iye nǹkan rírọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Òfin yẹn ni wọ́n fi kọ́ Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900. Ohun tó túmọ̀ sí ní Galadimawa kò le rárá: rọ́ọ̀gì tó nípọn, kọ́tìnnì tó wúwo tó kanlẹ̀, àga onítìmùtìmù, àti ìwé tó kún pẹpẹ lára ògiri ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ tún pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí, pé ẹni tó fẹ́ wo sinimá kó gba ilé sinimá ní Jabi lọ. Láti 1903 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù hàn ní Glover Hall l'Ékòó, òótọ́ ni pé àwùjọ ni wọ́n ń kó jọ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣèré bíi Ogunde àti Baba Sala ṣe gbé tiwọn kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gba ìgboro, orúkọ tí Yorùbá fún un ni àgbéléwò. Orúkọ yẹn ti parí ẹjọ́.

Àtakò tó wúwo jù lọ, èyí tó kan bóyá fíìmù lè kọ́ ọmọ ní èdè, ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá. Ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́sàn-án. Àwọn tí èèyàn gidi bá ṣeré ní èdè Mandarin dá ìró èdè náà mọ̀. Àwọn tó wo ẹni kan náà nínú fídíò kò jèrè nǹkan kan. Nítorí náà, òbí tó bá rò pé òun á fi fíìmù sílẹ̀ kó kọ́ ọmọ òun ní Yorùbá ní Abuja, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ti gba ìta, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Èmi ò bá ìwádìí náà jiyàn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé èèyàn ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Fóònù ń tú ilé ká, olúkúlùkù á ti ohùn bọ etí ní yàrá tirẹ̀. Yàrá kan tí gbogbo ilé jọ jókòó sí ni ìyá ti lè dá fíìmù dúró, kó ní, "Ẹ gbọ́ òwe tó pa yẹn? Kí ló túmọ̀ sí?" Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́, iṣẹ́ yàrá ni kí òwe náà dé etí láìfọ́.

Ti iná ńkọ́? Ní April 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, sókè sí ₦225 fún kilowatt-hour kan. Purojẹ́kítọ̀ àti ẹ̀rọ ohùn tó jọ ń jẹ wáàtì 500 yóò lo kilowatt-hour kan àbọ̀ ní wákàtí mẹ́ta, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi ₦338 ní iye yẹn. AC tó ń tutù lókè orí wọn lè jẹ ìlọ́po méjì. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ba ọ̀ràn jẹ́, nítorí ariwo rẹ̀ ń bo ohùn tí a náwó lé lórí, a ó sì wá yí ohùn sókè láti fi bá a jà. Inverter tó ń gba iná oòrùn kì í pariwo bẹ́ẹ̀.

Yíyí ohùn sókè yìí léwu. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, jọ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń gbọ́ orin létí kò fọwọ́ sí kí àgbàlagbà gbọ́ ju dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Yàrá tí ìró kì í ti í ta padà ni kò ní jẹ́ ká nílò ariwo, nítorí ọ̀rọ̀ ti hàn kí ohùn tó ga. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé rọ́ọ̀gì, kọ́tìnnì tàbí fóòmù ara ògiri á dá ohùn dúró kó má dé ilé kejì. Báàsì ń gba inú bulọ́ọ̀kù kọjá, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ́sítéètì jọ ń pín. Ẹ gbé sípíkà báàsì kúrò lára ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ní, kẹ́ ẹ sì dín in kù tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù.