Odò Ọya àti Ìgbé-Ayé Àwọn Ará Etí Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́ kọrí sí ìhà àríwá, tí ó gba Ṣààrẹ kọjá, yóò rí i pé òkè ń dín kù, ilẹ̀ sì ń tẹ́jú sí i, títí yóò fi dé etí Odò Ọya. Odò yìí ni ààlà Ìpínlẹ̀ Kwara ní ìhà ibẹ̀. Àwọn Tápà ni ó pọ̀ jù ní agbègbè etídò náà, ní Pàtígi, ní Láfíàgí àti ní àwọn abúlé àárín wọn. Ní Jẹ́bà, Tápà, Yorùbá àti Haúsá ni wọ́n jọ ń gbé. Odò Òṣìn, tí ó gba ilẹ̀ Ìgbómìnà kọjá, inú Odò Ọya ni ó ń da omi rẹ̀ sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ odò yìí kan ará òkè bí ó ti kan ará ìsàlẹ̀.

Ìbáṣepọ̀ etídò pẹ̀lú ilẹ̀ Yorùbá ti pẹ́. Ní Tádà, abúlé kékeré kan létí odò, ni ère bàbà kan wà tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó jókòó ni ó fi hàn, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì jẹ́ ti Ilé-Ifẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 700 ọdún. Ní ọjọọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ará Tádà máa ń gbé e lọ sí odò, tí wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring fọ́ sórí àpáta nítòsí Jẹ́bà, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn èrò rẹ̀. Ní 1909 ni ọkọ̀ ojú irin dé Jẹ́bà. Afárá ibẹ̀ sì parí ní 1916.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya máa ń kún lọ́dún. Ìkún kìíní ti ara òjò ilẹ̀ tí ó wà nítòsí wá. Oṣù Kẹsàn-án ni ó máa ń ga jù. Omi rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ tí ó dà bí amọ̀ funfun, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní ìkún funfun. Ìkún kejì ti ọ̀nà jíjìn wá. Òjò tí ó rọ̀ sórí àwọn òkè ilẹ̀ Guinea, níbi tí odò ti ṣẹ̀, ni ó bí i. Nígbà tí omi náà bá dé ilẹ̀ Mali, a tàn ká orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá kan, a máa rọra wọ́ lọ, a sì tòrò. Ìgbà tí yóò fi dé Nàìjíríà, ọyẹ́ ti dé. Omi yìí mọ́, ó sì dúdú lójú. Òun ni ìkún dúdú.

Lórí ìkún méjèèjì yìí ni ará etídò gbé ètò ọdún rẹ̀ kà. Wọn a gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ kí ìkún funfun tó gun ilẹ̀. Bí omi bá ti ń fà, wọn a gbin ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà sórí ẹrẹ̀ ọlọ́ràá tí ó fi sílẹ̀. Ẹja pẹ̀lú ń tẹ̀lé omi: inú koríko tí omi bò ni àrọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn ti ń yé, àwọn ọmọ wọn a sì dàgbà nínú adágún kéékèèké, níbi tí apẹja ti ń fi ìgèrè àti àwọ̀n kó wọn. Ìkún dúdú ni kì í jẹ́ kí odò fà jù ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọkọ̀ lè máa rìn. Láti ibẹ̀ ni ẹja yíyan àti ìrẹsì ti ń wá sí ọjà òkè. Epo pupa àti obì sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ní 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò náà ní Kainji, iṣẹ́ sì parí ní 1968. Adágún ibẹ̀ bo ìlú Bùsá àtijọ́, ó sì ju 40,000 ènìyàn lọ tí wọ́n kó lọ sí ibùgbé titun. Ní 1985, ìsédò Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ iná mẹ́fà. Adágún Kainji ń gba ìkún méjèèjì mọ́ra, wọ́n sì ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n, kí ẹ̀rọ lè máa yí lọ́sàn-án àti lóru. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára fún ẹ̀rọ iná kò bá àkùrọ̀ mu. Ìkún tí ń gun ilẹ̀ dín kù, ọ̀pọ̀ adágún kéékèèké tí ẹja ti ń dàgbà sì gbẹ. Bí òjò bá sì pọ̀ jù lọ́dún kan, adágún ńlá a kún, wọn a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi a sì ya wọ oko nígbà tí ìrẹsì kò tíì tó kórè. Ní 2012, omíyalé ba oko àti ilé jẹ́ káàkiri etí Odò Ọya.

Ní 2010 ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tí agbára omi ti ń pèsè iná. Kwara sì wà nínú wọn. Ìrànlọ́wọ́ owó dára, ṣùgbọ́n ohun tí àgbẹ̀ etídò nílò jù ni ìkìlọ̀ tí yóò ṣáájú omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní èdè Tápà àti ní Yorùbá, àti ìtúsílẹ̀ omi tí ó bá ìgbà ọ̀gbìn mu. Láti ara omi yìí ni apá kan iná tí ń tàn ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ ti ń wá. Nítorí náà, bí ẹja yíyan bá wọ́n lọ́jà, tí ìrẹsì kò sì pọ̀, kí ará òkè béèrè bí odò ti rí lọ́dún náà.