Ẹ̀yin Ìyá Ọjà Asafo, Ẹ Má Lo Oògùn Egungun Kí Ẹ Tún Dùbúlẹ̀!

Àgbà tó ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, ọjà ti tú mọ́ ọn lórí nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà ní Asafo, ní ìlú Kumasi, bí oògùn alendronate tí dókítà fún yín fún egungun tó di ẹlẹgẹ́ bá ń ta yín láyà, ẹ má kàn dà á nù. Bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń bó o.

Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó jẹ ohunkóhun, ife omi lásán kan tó kún ni kí ẹ fi gbé e mì, kì í ṣe tíì tàbí ẹ̀kọ. Fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹ jókòó gangan tàbí kí ẹ nàró; ẹ má jẹun.

Bí gbígbé nǹkan mì bá ń dùn yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ tètè rí dókítà. Abẹ́rẹ́ wà tí kì í gba ọ̀fun kọjá.