Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọgbẹ́ Ara Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ní Doguè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bassila ní orílẹ̀-èdè Benin, màlúù la sábà máa ń rí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Malanville àti Karimama tó wà lókè lọ́hùn-ún. Eṣinṣin tó ń gbé àrùn oorun kiri fẹ́ràn igbó ẹ̀bá odò, irú àrùn náà tó ń ṣe ẹranko sì ń mú kí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rù dé eegun. Òun náà ló jẹ́ kí Ọ̀yọ́ àtijọ́ máa ra ẹṣin láti òkè ọya láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó ń bá a fa iṣu tàbí omi lọ́nà Manigri ní ohun tí kò rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò.

Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọwọ́ àwa tó ni ín ló ti wá. Ibi tí ọgbẹ́ wà ló ń sọ ohun tó fà á. Bó bá wà lórí èjìká tàbí lórí eegun ẹ̀yìn, gàárì ni. Bó bá wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, okùn tí a fi dè é níkùn ló há jù. Èyí tó wà lábẹ́ ìrù, okùn tó gba ibẹ̀ kọjá ló bó o; èyí tó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi so ó mọ́lẹ̀ ló gé e. Ẹ kọ́kọ́ mú okùn tàbí gàárì yẹn kúrò lára rẹ̀. Bí a bá fi òògùn tó dára jù lọ sí ọgbẹ́ lónìí, tí a tún gbé gàárì kan náà lé e lọ́la, egbò ni yóò dà, kò sì ní í san.

Bí ọgbẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ẹ má máa ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, omi ló kàn. Ẹ se omi kí ó hó, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì po iyọ̀ bíi ṣíbí kékeré méjì sí lítà kan. Omi iyọ̀ tó bá wọn báyìí súnmọ́ omi inú ara, kì í ta ẹran, kì í sì í pa ẹran ara tuntun tó ń hù. Ẹ bu omi iyọ̀ náà sínú ike, ẹ dá ihò sí ìdérí rẹ̀, kí ẹ máa fún un kí omi lè fi agbára gbá yẹ̀pẹ̀ jáde. Ẹ má fi kànrìnkàn ha á. Bí ẹ bá fẹ́ gé irun etí ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀ kí irun má bàa já sínú rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ohun tí àwọn ènìyàn ń dà sójú ọgbẹ́: ọ́ìlì mọ́tò, omi bátìrì, eérú, ìgbẹ́ màlúù, ọṣẹ ìfọṣọ. Àwọn kan ń jó ẹran ara tuntun, àwọn mìíràn ń kó kòkòrò àrùn wọlé. Bí ẹ bá ní áyódíìnì, ẹ fi omi là á títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi tíì tí kò ki. Oyin tí a kò lú sì wúlò gan-an, agbègbè yẹn kò sì ṣàì ní oyin. Ó ń fa omi kúrò lára kòkòrò àrùn, ó kan díẹ̀, ó sì ń tú èròjà tó ń pa wọ́n jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi í sára aṣọ mímọ́ kí ẹ fi bo ọgbẹ́. Ẹ fi òrí pa awọ tó wà nísàlẹ̀ ọgbẹ́, kí omi tó ń ṣàn jáde má bàa bó o. Bí ìdin bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ṣà wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un fọ̀.

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ gba sùúrù púpọ̀. Awọ ibẹ̀ le, ẹran kò sí lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹran ara tuntun lè hù kọjá etí ọgbẹ́ tí awọ kò fi ní í rí ibi bò. Ẹ má fi nǹkan gbígbóná jó o. Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni láti gé e. Ẹ tètè pè é pẹ̀lú bí omi tó ń fà yọ̀ọ̀ bá ń jáde nítòsí oríkèé, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú yàà, tàbí bó bá jẹ́ ìṣó ló gún un. Ihò kékeré tó jinlẹ̀ léwu ju ọgbẹ́ ńlá tó ṣí sílẹ̀ lọ, nítorí kòkòrò tẹ́tánọ́sì inú ilẹ̀ fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tètè ń kó tẹ́tánọ́sì ju màlúù lọ. Ara rẹ̀ á le gan-an, ìrù á nà, ẹnu kò ní í ṣeé là mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ó sì yẹ kó ti gbà á kó tó fara pa.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í sábà fi ìrora hàn. Ó lè dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ rò pé kò sí nǹkan. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí kò bá jẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ á máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè pa á kí ọgbẹ́ tó pa á. Bí ó bá ní ẹnì kejì, ẹ so wọ́n síbi tí wọ́n ti lè máa rí ara wọn, torí ìdágbé máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Èépá nìkan kò tó láti fi dá a padà sẹ́nu iṣẹ́; ẹ dúró kí irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Kó tó padà, ẹ tún gàárì ṣe. Ẹ fi koríko gbígbẹ kún àpò méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, kí èkejì wà lápá òsì, kí àyè sì ṣí sílẹ̀ lókè eegun ẹ̀yìn tí ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ kàn.