Ogun Àgìdìngbì ní Erékùṣù Èkó, 1851

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kétu ìlú Èkó lọ sí Àgbóyì, ọ̀nà tí ọba Èkó kan bá sá àsálà ló ń tọ̀ yẹn. Kí títì Ìkòròdú tó là, kí ẹnikẹ́ni tó pe ibì kan ní Máìlì 12, omi yìí ni wọ́n ń gbà láti ọ̀sà bọ́ sí odò Ògùn, títí dé Abẹ́òkúta.

Ọdún 1841 ni Akítóyè gorí ìtẹ́. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní Àjùdá (Ouidah) nígbà náà. Akítóyè ní kó máa bọ̀ wálé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Eréko. Ẹlẹ́tù Òdìbò, ìjòyè ńlá kan ní Èkó, kìlọ̀ títí, wọn ò gbọ́. (Ìjà òun àti Kòsọ́kọ́ ti pẹ́, kì í ṣe ìfẹ́ ìlú nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.) Ní oṣù Keje 1845, ogun bẹ́ láàárín ìlú. Ogun Olómirò ni wọ́n pè é. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ fi dó ti ààfin Akítóyè. Nígbà tọ́wọ́ tẹ Ẹlẹ́tù, wọ́n dé e mọ́ inú àgbá, wọ́n dáná sí i, wọ́n tì í sínú ọ̀sà.

Akítóyè gba ojú omi lọ, Kòsọ́kọ́ sì gorí ìtẹ́. Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ló yẹ kó dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó gba Àgbóyì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá. Kòsọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá pé kí wọ́n gbé orí Akítóyè wá; wọ́n kọ̀. Ó yá, Akítóyè bọ́ sí Àgbádárìgì, ó sì ń ṣèlérí fáwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà, òun á fòpin sí òwò ẹrú.

John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi erékùṣù Fernando Po ṣe ibùjókòó, ló wá bá Kòsọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kọkànlá 1851. Òwò ẹrú ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Òótọ́ wà ńbẹ̀, torí Kòsọ́kọ́ kò fi òwò náà pa mọ́. Ṣùgbọ́n epo pupa àti èbúté Èkó kò kúrò lọ́kàn wọn, lójú tèmi.

Kòsọ́kọ́ kọ̀ láti fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun Bloodhound àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké wọ ọ̀sà. Ìbọn dá wọn lóhùn láti etí omi. Méjì nínú wọn kú, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Kòsọ́kọ́ ti ri òpó igi mọ́ etíkun, ó to àgbá sẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Wọ́n tún padà ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, lábẹ́ Ọ̀gágun Henry William Bruce. Ọkọ̀ ogun wọn kan, Teazer, fìdí gúnlẹ̀ níbi tí omi ò ti jìn, ìbọn sì ń rọ̀ lé e lórí. Nǹkan bí 16 nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kú níjà náà, àwọn tó fara pa sì lé ní 70. Lọ́jọ́ kejì, ọta oníná kan ta bọ́ sí ilé ẹ̀tù. Iná ràn, ìdajì ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán. Ìró àgbá ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fún ogun náà lórúkọ: Àgìdìngbì. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ahóyaya.

Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1852 ni Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú, ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dòsùmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùmú pátápátá.

Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì padà sí Èkó ní 1862. Wọ́n fún Òṣòdì àtàwọn tó tẹ̀ lé e dé láti Ẹ̀pẹ́ nílẹ̀, adúgbò yẹn là ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Òṣòdì kú ní 1868, Kòsọ́kọ́ ní 1872.