Ìtàkùn Olódòdó Lójú Fèrèsé

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń gba ojú fèrèsé wọlé débi pé ẹ kò lè jókòó sí yàrá yín, ìtàkùn olódòdó lè gbà yín ju aṣọ fèrèsé lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ipomoea quamoclit, tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, tí òdòdó rẹ̀ pupa fòò, tí ó sì ní igun márùn-ún bí ìràwọ̀. Láàárín ọdún kan ni yóò hù, tí yóò yọ òdòdó, tí yóò so, tí yóò sì kú.

Ẹ rẹ hóró rẹ̀ sómi mọ́jú, nítorí èèpo rẹ̀ le. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbìn ín sí ibi tí oòrùn ń dé, kí ó wọlẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ ta okùn láti ilẹ̀ dé òkè fèrèsé. Fúnra rẹ̀ ni yóò wé mọ́ ọn, ó sì lè ga tó mítà 2 tàbí 3. Ẹ má ṣe da ìgbẹ́ adìyẹ sí i lápọ̀jù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ewé nìkan ni mo rí. Ọkọ mi béèrè bóyá ẹ̀fọ́ ni mo gbìn.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ irúgbìn tí wọ́n fún yín? Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní hóró mélòó kan tí ó fi ìwé wé, ó ní òdòdó ni. Ó pupa, ó ń dán, ìdí rẹ̀ sì dúdú. Ojú ológbò ni! Kí n tó lajú, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́ta ti ń gbé ọ̀kan lọ sẹ́nu.

Bí ọmọ bá gbé hóró yìí mì lódidi, ó lè bá a jáde láìṣe é ní nǹkan, nítorí èèpo rẹ̀ le. Bí ó bá rún un lẹ́nu, tàbí bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ lu hóró náà láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, májèlé inú rẹ̀ lè pa á. Èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni àmì rẹ̀, wọ́n sì lè má yọjú lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró wò ó. Ẹ má rọ epo pupa sí ọmọ lẹ́nu, ẹ má sì fi ìka wá èébì lọ́fun rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú hóró tí ó kù dání.

Ẹ wo ara ọgbà yín dáadáa. Ewé ojú ológbò kéékèèké, ó tò ní méjì-méjì bí ewé àjàgbọn. Bí èso rẹ̀ bá gbẹ, yóò là, hóró pupa náà yóò sì hàn síta. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Hóró Ipomoea pàápàá kì í ṣe ohun jíjẹ. Ẹ ká a nígbà tí èso bá gbẹ, kí ó tó là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò hù káàkiri àgbàlá. Inú ìgò tí mo kọ orúkọ sí lára ni tèmi wà, lókè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó.