Bí Dókítà Ṣe Ń Yan Oògùn Apakòkòrò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé oògùn apakòkòrò kan kò yàtọ̀ sí èkejì, àti pé èyí tí ó wo ẹnì kan sàn gbọ́dọ̀ wo ẹlòmíràn sàn. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí a bá gbé ọmọ ọdún mẹ́ta dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ibà, èébì àti ọrùn tí ó le gan-an, dókítà yóò fura sí àrùn yírùnyírùn, èyí tí í máa ń mú awọ tí ó bo ọpọlọ wú. Àrùn yìí lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan. Ó sì lè sọ ẹni tí ó bá yè é di adití. Dókítà a gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, a sì fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí a tó mọ kòkòrò náà dájú. Ta ni yóò jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà náà?

Nítorí náà, òye ni dókítà kọ́kọ́ fi ń yan oògùn. Ó mọ irú kòkòrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé oògùn tí kò bá lè dé ibi tí àrùn wà, asán ni. Gentamicin a máa ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń dé inú omi ọpọlọ. Ceftriaxone ń dé ibẹ̀, ó sì ń pa oríṣiríṣi kòkòrò. Òun ni a sábà máa ń gún fún irú ọmọ yìí láìjáfara. Àmọ́ bí ìyá rẹ̀ bá sọ pé pẹnisílíìnì mú ojú àti ètè ọmọ náà wú rí, dókítà ní láti tún un rò, nítorí ìbátan ni oògùn méjèèjì.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọn a fi aró kun kòkòrò náà ní ọ̀nà tí Hans Christian Gram, ará Denmark, gbé jáde ní 1884: àwọn kan a gba àwọ̀ àlùkò, àwọn mìíràn a pọ́n. Wọn a tún tẹ́ kòkòrò náà sínú àwo, wọn a to ègé bébà tí a ti rẹ sínú oògùn lé e lórí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kòkòrò kì í hù yí oògùn tí ó lágbára ká.

Nígbà náà ni dókítà tún yan oògùn lẹ́ẹ̀kejì. Bí pẹnisílíìnì lásán bá tó, òun ni yóò lò, nítorí bí a bá ń lo èyí tí ń pa oríṣiríṣi kòkòrò láìnídìí, àwọn tí kò ràn ni yóò kù, tí wọn yóò sì máa bí sí i. Bí ọmọ náà bá ti wúwo tó ni a ó fi ṣírò ìwọ̀n tí a ó máa gún un, títí iye ọjọ́ tí a dá yóò fi pé.